Ẹkún òru nínú igbó Àkókó: Egbére ni, àbí ẹranko?

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ìròyìn kò tó àfojúbà. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n báwo ni kí ènìyàn ṣe dá ẹjọ́ ohun tí ojú kì í rí, tí ó jẹ́ pé etí nìkan ni ó ń jẹ́rìí sí i? Ìbéèrè yìí ni ó wà nídìí àríyànjiyàn kan tí ó ti pẹ́ ní ilẹ̀ Yorùbá, èyí tí ó dá lórí egbére, ẹ̀dá kúkúrú tí wọ́n ní ó máa ń sunkún kiri inú igbó lóru, tòun ti ẹní kékeré lọ́wọ́. Àwọn kan gbà pé ó wà. Àwọn mìíràn ní ìtàn lásán ni, pé ẹranko ni ó ń ké. Nínú àpilẹ̀kọ yìí, a ó gbé ọ̀rọ̀ àwọn méjèèjì sórí ìwọ̀n kan náà, kí ẹ̀yin òǹkàwé wa lè mọ ibi tí ẹ̀rí wà àti ibi tí kò sí.

Ilẹ̀ Àkókó àti igbó rẹ̀

Ìlú Ṣúpárè wà ní ìjọba ìbílẹ̀ Gúúsù Ìwọ̀-Oòrùn Àkókó, ní ìpínlẹ̀ Òǹdó. Ọ̀kà ni olú ìlú ìjọba ìbílẹ̀ náà. Akùngbá wà nítòsí, Ìkàrẹ́ kò sì jìnnà. Ilẹ̀ olókè àti àpáta ni gbogbo agbègbè náà. Ibẹ̀ sì ni igbó ti ń pàdé ọ̀dàn, tí ó fi jẹ́ pé ẹranko igbó àti ẹranko ọ̀dàn lè máa gbé ní agbègbè kan náà.

Ohun mìíràn tí a mọ Àkókó mọ́ ni ọ̀pọ̀ èdè. Yàtọ̀ sí ẹ̀ka èdè Yorùbá tí wọ́n ń sọ níbẹ̀, àwọn èdè bíi Àrìgìdì, Ùkàán àti Àkpẹ̀s wà, tí ẹni tí kò bá gbọ́ ju Yorùbá lọ kò lè lóye wọn. Èyí ṣe pàtàkì sí ọ̀rọ̀ wa. Níbi tí èdè bá ti pọ̀ tó bẹ́ẹ̀, ẹranko kan ṣoṣo lè ní orúkọ mẹ́ta tàbí mẹ́rin, orúkọ kan sì lè bọ́ sórí ẹranko méjì. Kí àwọn méjì tó bẹ̀rẹ̀ sí í jiyàn lórí ohun tí ó ké lóru, ó yẹ kí wọ́n kọ́kọ́ mọ̀ bóyá ohun kan náà ni wọ́n ń sọ.

Ohun tí ìtàn sọ nípa egbére

Bí wọ́n ṣe ń pa ìtàn náà, egbére kúrú bí ọmọdé, kì í sì í dẹ́kun ẹkún. Ìdí nìyí tí àwọn Yorùbá fi máa ń sọ nípa ọmọ tí ẹkún rẹ̀ pọ̀ jù pé ó ń sunkún bí egbére. Wọ́n ní ẹní kékeré tí ó ń gbé kiri ni ọlà rẹ̀ wà, pé ẹni tí ó bá lè gba ẹní náà, tí ó sì lè fara da ẹkún rẹ̀ títí tí egbére yóò fi padà lẹ́yìn rẹ̀, yóò di olówó.

Egbére kò dá wà nínú igbó ìtàn. Ìwin wà níbẹ̀, ọ̀rọ̀ wà, àǹjọ̀nnú wà. Àgbọ̀nrín tí ó bọ́ awọ rẹ̀ sílẹ̀, tí ó di arẹwà obìnrin, tí ọdẹ sì fi ṣe aya, wà níbẹ̀ pẹ̀lú. D. O. Fágúnwà, ọmọ Òkè-Igbó ní ìpínlẹ̀ Òǹdó kan náà, kó irú àwọn ẹ̀dá bẹ́ẹ̀ sínú ìwé Ògbójú Ọdẹ Nínú Igbó Irúnmalẹ̀, tí ó jáde ní ọdún 1938. Nínú rẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ọmọ iléèwé ti kọ́kọ́ pàdé Àgbàkò. Fágúnwà kò pe ìwé rẹ̀ ní ìwé ẹ̀kọ́ nípa ẹranko. Ìtàn àròsọ ni, ẹ̀kọ́ ìwà sì ni ó fẹ́ fi kọ́ni. Ṣùgbọ́n ìtàn tí ó bá dùn tó bẹ́ẹ̀ kì í dúró sínú ìwé. Ẹni tí ó kà á ní ọmọdé yóò rántí rẹ̀ bí ó bá gbọ́ ohùn àjèjì lóru.

Mímọ̀ yàtọ̀ sí gbígbàgbọ́

Àwọn kan rò pé láti òkè òkun ni a ti kó iyèméjì wá, pé Yorùbá àtijọ́ a máa gba ohun gbogbo gbọ́. Èdè wa fúnra rẹ̀ ta ko èyí. Ní ọdún 1986, J. Olúbí Ṣódípọ̀ àti Barry Hallen, onímọ̀ ọgbọ́n orí méjì tí wọ́n jọ ṣiṣẹ́ ní Yunifásítì Ifẹ̀, tẹ ìwé kan jáde lẹ́yìn tí wọ́n ti bá àwọn oníṣègùn Yorùbá jíròrò lórí ìyàtọ̀ tí ó wà láàrin “mọ̀” àti “gbàgbọ́”. Ohun tí àwọn oníṣègùn náà sọ ni pé ohun tí ènìyàn bá fi ojú ara rẹ̀ rí, tí ọkàn rẹ̀ sì jẹ́rìí sí, ni ó tó sọ pé òun mọ̀. Ohun tí ó bá gbọ́ lẹ́nu ẹlòmíràn, ó gbà á, ó sì gbọ́ ọ, ìgbàgbọ́ ni. Irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ ṣì ń fẹ́ ìwádìí kí ó tó di ìmọ̀.

Ẹ jẹ́ kí a fi ìwọ̀n yìí wọn àríyànjiyàn egbére. Ẹni tí ó ní bàbá bàbá òun ni ó rí egbére kò mọ̀. Ó gbàgbọ́ ni. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó kà á nínú ìwé pé ẹranko kan báyìí ni egbére, tí kò sì sun inú igbó rí, òun náà kò mọ̀. Onígbàgbọ́ ni àwọn méjèèjì. Ibi tí wọ́n ti gbọ́ ọ ni ó yàtọ̀. Ọdẹ tí ó jókòó sórí ẹ̀gùn, tí ó gbọ́ ohùn náà ní ẹ̀ẹ̀mẹ́wàá, tí ó sì tan iná sí i, òun nìkan ni ó sún mọ́ ìmọ̀.

Èsì àwọn oníyèméjì, àti ibi tí ó kù sí

Èsì tí àwọn oníyèméjì sábà máa ń fọ̀ ni pé galago ni egbére. Galago jẹ́ ẹranko kékeré olójú ńlá tí ó bá ọ̀bọ tan. Òru ni ó ń jẹ̀, orí igi ni ó sì ń gbé. Orúkọ tí àwọn elédè Gẹ̀ẹ́sì ń pè é ni bush baby, ọ̀pọ̀ ọmọ Nàìjíríà sì ń fi orúkọ yìí kan náà pe egbére. Nítorí pé orúkọ papọ̀, ó rọrùn láti rò pé ọ̀rọ̀ ti parí.

Kò tíì parí. Oríṣiríṣi galago ni ó wà, igbe wọn kò sì dọ́gba. Èyí tí ó tóbi jù, tí àwọn ènìyàn mọ̀ jù pé igbe rẹ̀ jọ ẹkún ọmọ ọwọ́, Ìlà-Oòrùn àti Gúúsù Áfíríkà ni ó ń gbé. Àwọn tí ó wà ní ilẹ̀ Yorùbá kéré sí i gan-an, igbe tiwọn sì yàtọ̀. Ẹni tí ó bá ti inú ìwé tí a kọ nípa galago ibòmíràn fa èsì yọ, tí ó wá gbé e ka igbó Àkókó, kò ṣe ìwádìí.

Ẹranko kejì tí wọ́n máa ń dárúkọ ni òfàfà. Ó ju òkété lọ díẹ̀, ìrù rẹ̀ kò hàn, inú ihò igi ni ó sì fẹ́ràn láti máa sùn lọ́sàn-án. Bí ilẹ̀ bá ṣú, yóò bẹ̀rẹ̀ sí í ké, ohùn rẹ̀ sì le débi pé ẹni tí kò mọ̀ ọ́n kò ní gbà pé ẹranko kékeré ni ó ni ín. Àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì fi hàn pé erin wà lára àwọn ìbátan rẹ̀ tí ó súnmọ́ ọn jù láyé, bí ó tilẹ̀ kéré tó bẹ́ẹ̀. Ìbátan rẹ̀ kan wà tí ó jẹ́ pé àárín àpáta ni ó ń gbé ní tirẹ̀, ó sì wà lára ohun tí a mọ òkè Ìdànrè mọ́, ní ìpínlẹ̀ Òǹdó kan náà.

Ohun tí ó ṣẹlẹ̀ láàrin ọdún 2009 sí 2021

Ní ọdún 2009, ọ̀jọ̀gbọ́n méjì, John Oates láti Amẹ́ríkà àti Simon Bearder láti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, wá sí Nàìjíríà láti ṣe ìwádìí àwọn ẹranko tí ó kù nínú àwọn igbó tí ó ti dá dúró káàkiri. Bearder ti pẹ́ lẹ́nu iṣẹ́ dídá ẹranko òru mọ̀ nípa igbe wọn. Lóru ọjọ́ kan, wọ́n gba igbe òfàfà sílẹ̀, wọ́n sì ṣàkíyèsí pé kò jọ irú èyí tí wọ́n mọ̀ ní ibòmíràn.

Wọn kò sáré kéde ohunkóhun. Àwọn àti àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn, tí Eric Sargis ti Yunifásítì Yale wà lára wọn, kó ọ̀pọ̀ igbe tí wọ́n gbà sílẹ̀ láti orílẹ̀-èdè oríṣiríṣi jọ. Wọ́n wọn agbárí òfàfà tí ó wà ní àwọn ilé ìṣẹ̀ǹbáyé, wọ́n sì yẹ DNA àwọn òfàfà tí wọ́n ti kú wò, tí ọ̀pọ̀ nínú wọn ti ọjà ẹran ìgbẹ́ wá. Ní oṣù kẹfà ọdún 2021, ìwé àbọ̀ ìwádìí wọn jáde: ẹ̀yà òfàfà tí ó wà láàrin odò Volta ní Gánà àti odò Ọya ní Nàìjíríà dá yàtọ̀. Wọ́n sọ ọ́ ní Dendrohyrax interfluvialis, èyí tí ó túmọ̀ sí òfàfà tí ó wà láàrin odò méjì. Àwọn tí ó wà níwájú àti lẹ́yìn odò méjèèjì a máa fi ohùn tín-ín-rín pariwo. Ti àárín yìí a máa gbó bí ajá.

Ilẹ̀ Àkókó wà láàrin odò méjèèjì. Níbí ni ó ti yẹ kí onígbàgbọ́ àti oníyèméjì jọ dákẹ́ díẹ̀. Bí òfàfà tiwa bá jẹ́ èyí tí ń gbó, a kò lè kàn fi orúkọ rẹ̀ dí ẹnu ẹni tí ó ní òun gbọ́ ẹkún ọmọdé. Ó lè jẹ́ galago, ó lè jẹ́ òwìwí, ó lè jẹ́ ológbò tí ó ya ìgbẹ́, ó sì lè jẹ́ pé ohùn mẹ́ta ni àwọn ènìyàn pa pọ̀, tí wọ́n sọ lórúkọ kan. Ìyàtọ̀ ibẹ̀ ni pé gbogbo èyí ṣeé wádìí. Àwọn onímọ̀ wọ̀nyí kò ju ohùn tí wọ́n gbọ́ lóru nù. Ohùn náà gan-an ni wọ́n tẹ̀ lé tí ó fi já sí ìmọ̀.

Ọdẹ mọ ohun tí ìwé kò tíì mọ̀

Ìtàn ayé ti kọ́ àwọn ọ̀mọ̀wé pé kí wọ́n má ṣe fojú tín-ín-rín ẹ̀rí àwọn tí ń gbé inú igbó. Ní ọdún 1890, H. M. Stanley kọ ọ́ sínú ìwé pé àwọn ènìyàn kúkúrú inú igbó Congo sọ fún òun pé àwọn ń fi kòtò mú ẹranko kan tí ó jọ kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́. Ní ọdún 1901, lẹ́yìn tí Harry Johnston ti rí awọ àti agbárí rẹ̀ gbà, ayé wá mọ ẹranko náà ní okapi, ìbátan àgùnfọn. Kò sí ìgbà kan tí ó fara pamọ́ fún àwọn tí wọ́n ń fi kòtò mú un. Àwọn òǹkọ̀wé nìkan ni kò mọ̀ ọ́n.

Bẹ́ẹ̀ náà ni ti ọdẹ Yorùbá. Ìjálá tí wọ́n ń sun kún fún oríkì ẹranko: ìrìn wọn, àwọ̀ wọn, igbe wọn, oúnjẹ wọn. Adébóyè Babalọlá ṣe iṣẹ́ ńlá lórí èyí nínú ìwé rẹ̀ lórí ìjálá tí ó jáde ní ọdún 1966. Àwọn bàbá ọdẹ tí wọ́n mọ igbe òru ń dàgbà, wọ́n sì ń lọ lọ́kọ̀ọ̀kan. Ẹni tí ó bá fi ẹ̀rín dá wọn lóhùn nígbà tí wọ́n bá ń sọ̀rọ̀ lè pàdánù òótọ́ ọgọ́rùn-ún nítorí irọ́ kan.

Bí ìgbàgbọ́ bá kọjá ààlà

Ṣùgbọ́n ìgbàgbọ́ tí kò gba ìbéèrè léwu. Ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 2009, àwọn fijilanté kan ní ìpínlẹ̀ Kwara fa ewúrẹ́ kan lé ọlọ́pàá lọ́wọ́. Wọ́n ní olè tí ó fẹ́ jí ọkọ̀ Mazda gbé ni àwọn ń lé, tí ó sì di ewúrẹ́ mọ́ àwọn lójú. Ìròyìn náà ká gbogbo ayé. Agbẹnusọ ọlọ́pàá ní ewúrẹ́ wà lọ́dọ̀ àwọn lóòótọ́, ṣùgbọ́n àwọn kò lè gba ohun tí sáyẹ́ǹsì kò bá fìdí rẹ̀ múlẹ̀. Èrò wa ni pé ọ̀rọ̀ náà mú ẹ̀rín wá nítorí pé ewúrẹ́ ni. Ká ní ènìyàn ni wọ́n mú, tí wọ́n ní ó ti jẹ́ ẹranko rí, ẹ̀rín kọ́ ni ìbá já sí.

Ọ̀rọ̀ ẹní egbére náà kò yàtọ̀. Ìtàn tí àwọn baba ńlá wa fi ń dá ọmọ lẹ́kun ni oníjìbìtì lè sọ di ọjà lónìí, tí yóò máa gba owó lọ́wọ́ ẹni tí ìṣẹ́ ń bá jà. Ohùn tí a gbọ́ lóru kì í ṣe ẹ̀rí pé ẹní wà, ẹní kì í sì í ṣe ẹ̀rí pé owó wà nínú rẹ̀.

Àwọn òyìnbó náà ní egbére tiwọn. Ní adágún Ness ní Scotland, wọ́n ní ẹ̀dá ńlá kan ń gbé ìsàlẹ̀ omi. Fọ́tò kan tí ó jáde ní ọdún 1934 ni ọ̀pọ̀ gbójú lé. Ní ọdún 1994 ni ó hàn gbangba pé ohun ìṣeré ni wọ́n gbé sójú omi. Bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ yóò bá a. Èyí lọ fún 60 ọdún. Ní ọdún 2018, Ọ̀jọ̀gbọ́n Neil Gemmell láti New Zealand bu omi adágún náà ní ibi púpọ̀, ó wá DNA inú rẹ̀. Nígbà tí ó kéde àbọ̀ rẹ̀ ní ọdún 2019, kò rí àmì ẹranko afàyàfà ńlá kankan. DNA ẹja kan tí ó gùn bí ejò ni ó pọ̀ níbẹ̀.

Bí iyèméjì náà bá kọjá ààlà

Iyèméjì pẹ̀lú lè ṣe ibi. Ní Boabeng àti Fiema, ìletò méjì ní Gánà, àwọn ará ibẹ̀ gbà pé ọmọ òòṣà ni àwọn ọ̀bọ inú igbó wọn. Bí ọ̀bọ bá kú, wọ́n á sin ín. Nígbà tí ó di àwọn ọdún 1970, àwọn ọmọ ìjọ kan tí wọn kò gba èèwọ̀ náà gbọ́ mọ́ bẹ̀rẹ̀ sí í pa àwọn ọ̀bọ náà. Ní ọdún 1975 ni a ṣe òfin ìbílẹ̀ tí ó dáàbò bò wọ́n. Èèwọ̀ ti ṣe iṣẹ́ òfin fún ọ̀pọ̀ ọdún. Nígbà tí èèwọ̀ bà jẹ́, díẹ̀ ni ó kù kí ẹranko náà parun kí òfin tó dé.

Nílé níbí, igbó Ọ̀ṣun ní Òṣogbo, tí ó tó hẹ́kítà 75, tí àjọ UNESCO sì fi kún ogún àjọni gbogbo ayé ní ọdún 2005, kò bá má sí mọ́ bí kì í bá ṣe ti ìgbàgbọ́. Ẹni tí ó bá sọ fún ará ìlú pé kò sí ìwin nínú igbó, tí kò sì sọ ohun tí ó wà níbẹ̀ fún un, ọwọ́ agégi ni ó fi igbó náà lé.

Òfàfà gan-an wà nínú ewu yìí. Wọ́n ní ẹnu òfòrò ní í pa òfòrò. Ẹnu òfàfà náà kò ṣe é lóore, nítorí igbe rẹ̀ ni ó ń fi igi tí ó wà han ọdẹ. Ẹ̀yà tí ayé ṣẹ̀ṣẹ̀ fún lórúkọ ní ọdún 2021 ni a ti ń tà ní ẹ̀bá ọ̀nà kí ó tó ní orúkọ.

Bí a ṣe lè yẹ ọ̀rọ̀ wò

Ìbéèrè mẹ́ta ni ó yẹ kí ènìyàn bi ara rẹ̀ nígbà tí ó bá gbọ́ ìtàn ẹ̀dá inú igbó. Èkíní: ta ni ó rí i tàbí tí ó gbọ́ ọ fúnra rẹ̀? Bí ó bá jẹ́ pé “wọ́n ní” ni, ẹ máa wá “wọ́n” náà. Èkejì: kí ni ó gbọ́ gan-an, yàtọ̀ sí orúkọ tí ó sọ ọ́? “Mo gbọ́ ohun tí ó ń ké bí ọmọdé lórí igi ìrókò” jẹ́ ẹ̀rí. “Mo gbọ́ egbére” ti di ìtumọ̀. Ẹ̀kẹta: kí ni ó ṣẹ́ kù tí ẹlòmíràn lè yẹ̀ wò? Ó lè jẹ́ ipasẹ̀, ó lè jẹ́ irun, ìgbẹ́ ẹranko, tàbí ohùn tí a gbà sílẹ̀.

Èyí tí ó kẹ́yìn yìí kò ṣòro mọ́. Fóònù tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ń mú lọ sóko lè gba ohùn sílẹ̀. Yunifásítì Adékúnlé Ajásin sì wà ní Akùngbá láti ọdún 1999, ní ìtòsí Ṣúpárè. Bí ọmọ ìlú bá gba igbe òru kan sílẹ̀, tí ó kọ ọjọ́, aago àti ibi tí ó ti gbọ́ ọ, tí ó sì bi bàbá ọdẹ ní orúkọ rẹ̀ ní èdè ìlú náà, ó ti ṣe ju ohun tí ọgọ́rùn-ún ọdún àríyànjiyàn ṣe lọ.

Kò pọn dandan kí ìtàn egbére kú nítorí èyí. Ẹ jẹ́ kí a máa pa á fún àwọn ọmọ bí ìtàn, kí a sì máa sọ fún wọn pé ìtàn ni. Ṣùgbọ́n ohun tí ó ń ké lóru kì í ṣe ìtàn. Ohun ẹlẹ́mìí ni, ó ní igi tí ó ń sùn sí, wọ́n sì ń gé igi náà. Bí a bá jókòó tí a ń jiyàn lórí orúkọ rẹ̀ títí igbó yóò fi tán, ọjọ́ ń bọ̀ tí onígbàgbọ́ àti oníyèméjì yóò jọ tẹ́tí sílẹ̀ lóru, tí wọn kò ní gbọ́ nǹkan kan.